Iná Kan Ṣoṣo Lára Àká

[Fóònù dún títí, ó dákẹ́. Ó tún dún. Ọkùnrin náà wo nọ́ńbà tí kò mọ̀ rí, ó rò ó wò, ó gbé e. Níwájú rẹ̀, ohùn obìnrin kan ń jáde láti inú ẹ̀rọ: "Ara tó ṣiṣẹ́, ó yẹ kó sinmi."]

— Hẹ́lò? Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀?

— Ta ni o rò pé o ń bá sọ̀rọ̀?

— Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?

— Ṣé ẹlòmíràn tún wà tó ń pè ọ́ ní àbúrò ni?

— Nọ́ńbà ta lẹ fi pè mí?

— Ṣé bí mo bá fi tèmi pè, wàá gbé e?

— Kí ló dé tí n kò ní gbé e?

— Ìgbà mélòó ni mo pè ọ́ lánàá?

— Ṣé ẹ pè lánàá ni?

— Ṣé mo jọ ẹni tó ń bá ọ ṣeré?

ÀBÚRÒ: Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ kú làálàá ilé ìwòsàn, ẹ kú—

Ẹ̀GBỌ́N: Ó tó. Pa ẹnu obìnrin tó ń kígbe lẹ́yìn rẹ yẹn dé.

ÀBÚRÒ: Iṣẹ́ ni. Fídíò ìpolówó bẹ́ẹ̀dì ni mo ń gé. Oníbàárà ń bọ̀ wá gbà á ní aago mẹ́rin.

["Ara tó ṣiṣẹ́, ó yẹ—" Ohùn náà dá.]

ÀBÚRÒ: Mo ti pa á. Fóònù ta nìyí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ti aládùúgbò. Ibi tí à ń gbé sétí lára fóònù náà ti bàjẹ́, àfi kí ènìyàn jẹ́ kó máa pariwo síta.

ÀBÚRÒ: Abájọ tó fi ń dún bí ẹni wà nínú àgbá. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

ÀBÚRÒ: Mo kàn béèrè ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo wà. Mo fẹ́ so kọ̀ǹpútà mọ́ Àká.

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣì ń pe server yẹn ní Àká!

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣebí ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ. O gbé e wọlé lọ́dún méjì sẹ́yìn bí ẹni gbé ìyàwó wálé. O ní gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ni yóò máa kó fáìlì wọn sínú rẹ̀. O ní ohun tó bá ti wọ Àká, eku kò ní jẹ ẹ́, òjò kò ní pa á.

ÀBÚRÒ: Kò sí wàhálà. Ẹ jẹ́ ká—

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ náà sì ti dé nìyẹn, Kò-Sí-Wàhálà. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn níléèwé kò mọ̀ pé èpè ni àwọn ń ṣẹ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti jí pẹ̀lú ata lẹ́nu o.

Ẹ̀GBỌ́N: N kò sùn tí n óò fi jí. Máa wí.

ÀBÚRÒ: Kọ̀ǹpútà wo lẹ fẹ́ so?

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tí yóò máa wà níwájú Màmá. Èyí tí wọ́n á máa tẹ ọ̀rọ̀ sí, tí yóò sì máa fi ohùn wọn sọ ọ́ jáde.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀n-ẹ́n. Ọ̀la ni wọ́n ń dé láti ilé ìwòsàn, àbí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dára. Máa bá a lọ.

ÀBÚRÒ: Ẹ tan kọ̀ǹpútà náà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti tàn kí n tó pè ọ́.

ÀBÚRÒ: Okay. Ẹ wo ẹ̀yìn Àká. Okùn búlúù kan wà níbẹ̀ tó lọ sínú àpótí network lára ògiri. Ẹ tì í títí yóò fi ta kẹ́.

[Kẹ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ta á.

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣí ibi tí folder máa ń wà. Lókè, níbi gígùn funfun yẹn, ẹ kọ igi méjì tó fẹ̀yìn tì, ìyẹn backslash. Kí ẹ wá kọ "aka" tẹ̀lé e, láìfi àmì kankan sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti kọ ọ́.

ÀBÚRÒ: Yóò béèrè password. Ẹ rántí rẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Sọ ọ́.

ÀBÚRÒ: Gbólóhùn iṣẹ́ Màmá ni. Èyí tí wọ́n máa ń sọ bí ẹnìkan bá pe ilé iṣẹ́ tẹlifóònù pé òun ń wá ẹnìkejì òun.

Ẹ̀GBỌ́N: "Ẹ dúró, mo ń so yín pọ̀."

ÀBÚRÒ: Òun náà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kó má sí àlàfo láàárín.

[Ìró ọwọ́ lórí bọ́tìnnì. Láti ibì kan tí kò jìnnà sí fóònù, irin dún lẹ́ẹ̀mejì.]

ÀBÚRÒ: Kí ló dún yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Iṣẹ́ tó wà níwájú wa ni kí o gbájú mọ́.

ÀBÚRÒ: Ó jọ ẹni ń lu irin. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Màmá fi so àwọn ènìyàn pọ̀ pẹ̀lú ohùn yẹn, ẹ gbọ́. Àwọn kan ń pè láìní ẹni tí wọ́n ń wá. Wọ́n kàn fẹ́ kí Màmá ní kí àwọn dúró.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n á jókòó sáàárín ẹni méjì, wọ́n á gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹnu wọn kò sì gbọdọ̀ là. Ìyẹn lòfin iṣẹ́ wọn. "Ohun tí o bá gbọ́ lórí ìlà, o kò gbọ́ ọ."

[Irin dún lẹ́ẹ̀mejì.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló—

[Ìlà ń ya.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ẹ ti ń já. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ọ. Ó ti ṣí.

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ rí i! Kí lẹ rí níbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Folder mẹ́ta. Ọ̀kan, àwòrán ilé tí mò ń yà fún iṣẹ́. Ọ̀kan, fọ́tò. Ẹ̀kẹta, Ohùn Màmá.

ÀBÚRÒ: Ẹ tẹ Ohùn Màmá lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo tẹ̀ ẹ́.

ÀBÚRÒ: Kí ló wà níbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Funfun.

ÀBÚRÒ: Funfun báwo?

Ẹ̀GBỌ́N: Bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Rárá o. Ẹ pa á dé, kí ẹ tún un ṣí.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti pa á dé, mo ti tún un ṣí. Láti ìjẹta ni mo ti ń ṣí i.

ÀBÚRÒ: Láti ìjẹta? Ẹ ti mọ bí a ṣe ń so ó nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ̀ ọ́n.

ÀBÚRÒ: Kí wá ni mo ń kọ́ yín láti àárọ̀ yìí?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo fẹ́ kí ìwọ náà rin ọ̀nà náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ, kí o dé ibi tí mo dé, kí n gbọ́ bí mímí rẹ yóò ṣe rí.

[Àga kan han níbi iṣẹ́ ọkùnrin náà.]

ÀBÚRÒ: Gbólóhùn ẹgbẹ̀jọ ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé èmi lò ń kà á fún? Ta ló jókòó ti Màmá nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ariwo títì má baà wọlé? Ta ló ń tan tọ́ọ̀ṣì sórí ìwé tí wọ́n ń kà? Dókítà ti sọ pé bí òun bá yọ àpótí ohùn lọ́fun wọn, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí a bá gbà sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà ni àwọn tó ń ṣe ohùn yóò fi ṣe ohùn fún wọn. Nígbà tó ku ogún gbólóhùn, ẹ̀jẹ̀ ń bá itọ́ wọn jáde. Mo ní ká fi í sílẹ̀. Wọ́n ní ta ló máa wá ka èyí tó kù fún àwọn?

ÀBÚRÒ: Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: O wà níbẹ̀. Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n kà kẹ́yìn?

ÀBÚRÒ: Inú pálọ̀ ni mo wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tó kẹ́yìn kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún wa. Orúkọ rẹ ni wọ́n pè. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà pè é: bí wọ́n ṣe ń pè ọ́ bí o bá ṣẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè ọ́ bí oúnjẹ bá délẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń pè ọ́ bí wọn kò bá mọ ibi tí o wà.

[Níbi iṣẹ́ ọkùnrin náà, nǹkan kan bọ́ sílẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́. Ta ló pa á rẹ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi, ọwọ́ ọ̀tún mi yìí. Laptop mi kún. Ilé alájà mẹ́ta tí mò ń yà ti gba gbogbo àyè, ètò tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún Màmá kò ríbi jókòó sí. Mo wo folder ohùn, mo rí i pé ó wúwo. Mo ní ó sáà wà lọ́dọ̀ Àká, jẹ́ kí n mú tèmi kúrò. Mo tẹ delete. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

ÀBÚRÒ: Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí tiyín, kò sí ti Àká! Sync ni mo ṣe é! Ohun tí ẹ bá fi kún un lọ́dọ̀ yín, Àká á fi kún tirẹ̀. Ohun tí ẹ bá sì yọ—

Ẹ̀GBỌ́N: Àká á yọ ọ́. Mo ti wá gbọ́n.

ÀBÚRÒ: Mo sọ fún yín!

Ẹ̀GBỌ́N: Ìgbà wo? Orí fóònù lo ti bá mi so ó, bí a ṣe wà yìí. Ọkọ̀ ń dúró dè ọ́. O ní, "Ohunkóhun tó bá béèrè, ẹ sáà máa tẹ bẹ́ẹ̀ ni." Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀meje bí ẹni ń ṣe àmín.

ÀBÚRÒ: Garawa ìdọ̀tí ńkọ́? Ohun tí a bá delete máa ń kọ́kọ́ wọ inú—

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ní ó tóbi ju garawa òun lọ. Ó ní yóò lọ pátápátá.

ÀBÚRÒ: Ẹ sì gbà?

Ẹ̀GBỌ́N: Bẹ́ẹ̀ ni ni mo ti mọ̀ ọ́n tẹ̀.

ÀBÚRÒ: Àwọn kan wà tó ń hú fáìlì tó ti lọ jáde o. Bí ẹ kò bá tíì kọ nǹkan lé e—

Ẹ̀GBỌ́N: Bí ibẹ̀ ṣe ṣófo báyìí ni laptop mi da gbogbo ilé alájà mẹ́ta náà sórí Àká. Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lánàá. Ó wò ó títí. Ó ní, "Màdáámù, wọ́n ti kọ́lé lé sàréè yìí lórí."

ÀBÚRÒ: Ó mà ṣe o.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣùgbọ́n ó tú ìdérí Àká. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan.

ÀBÚRÒ: Ìbéèrè wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Iná mélòó ló yẹ kó máa tàn níwájú rẹ̀?

ÀBÚRÒ: Iná?

Ẹ̀GBỌ́N: Iná kéékèèké aláwọ̀ ewé.

ÀBÚRÒ: Ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ti ń tàn, ó ti tó.

[Irin dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ní ọjọ́ tí o gbé e wálé, mélòó ni?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, network yìí— hẹ́lò? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ọ ketekete. Má fi network bojú.

ÀBÚRÒ: N kò fi nǹkan kan bojú. Irin tó ń dún yẹn ni kò jẹ́ kí n gbọ́ yín. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Dáhùn tèmi, n óò dáhùn tìrẹ. Iná mélòó?

ÀBÚRÒ: Méjì.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ń tan èkejì?

ÀBÚRÒ: Disk kejì ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ohun tí a bá kọ sórí èkíní, òun á dà á kọ. Bí ọ̀kan bá kú, ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, kí lẹ ń wá gan-an?

Ẹ̀GBỌ́N: Ojú ihò rẹ̀ ṣófo. Eruku yí i ká, àárín rẹ̀ mọ́ tónítóní, bí ojú ibi tí wọ́n ti gbé fèrèmù fọ́tò kúrò lára ògiri. Níbo ni disk náà wà?

ÀBÚRÒ: Bóyá ẹni tó ń tún un ṣe yẹn ló—

Ẹ̀GBỌ́N: Níwájú mi ló ti tú u. Níbo ló wà?

ÀBÚRÒ: N kò mọ̀.

[Irin dún lẹ́ẹ̀kan, ó le ju ti ìṣáájú lọ.]

ÀBÚRÒ: Ẹ sọ fún ẹni náà kó yé lu irin!

Ẹ̀GBỌ́N: N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

ÀBÚRÒ: Fún ta?

Ẹ̀GBỌ́N: Dáhùn tèmi ná.

[Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn níbi iṣẹ́ ọkùnrin náà.]

ÀBÚRÒ: Ìṣẹ́jú márùn-ún, sà! Mo ń bọ̀! Ẹ̀gbọ́n mi, oníbàárà mi ti dé. Kí n pè yín padà tó bá di—

Ẹ̀GBỌ́N: Bí o bá gé fóònù yìí, wá ẹlòmíràn tí wàá máa pè ní ẹ̀gbọ́n.

ÀBÚRÒ: Háà.

Ẹ̀GBỌ́N: Fara balẹ̀, gbọ́ mi. N kò pè ọ́ láti bá ọ jà.

ÀBÚRÒ: Ó jọ ìjà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìjà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kàn. Rò ó wò. Bí disk kejì bá wà nínú Àká ní ọjọ́ tí mo tẹ delete, kí ni ìbá ṣe?

ÀBÚRÒ: Òun náà ìbá pa tirẹ̀ rẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn! Wíwà rẹ̀ níbẹ̀ kò bá ti—

Ẹ̀GBỌ́N: Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ti yọ ọ́ lọ ṣáájú ọjọ́ náà? Sọ ọ́. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ.

ÀBÚRÒ: Ohun tó wà lórí rẹ̀ á ṣì wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbólóhùn ẹgbẹ̀jọ, pé pérépéré. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ẹni tó yọ disk yẹn ti ṣe wá lóore láìmọ̀. Mo ń wá olè náà láti àná, àbúrò mi. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ṣé ìwọ ni?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ń bẹ̀ ọ́ pé kó jẹ́ ìwọ.

[Ìlà ń ya.]

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: O kò tíì sọ nǹkan kan tí n óò gbọ́.

ÀBÚRÒ: Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, eruku ni mo nù lára Àká. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

[Irin dún lẹ́ẹ̀kan.]

Ẹ̀GBỌ́N: Àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Aṣọ ìnura rẹ wà ní èjìká rẹ. Ìṣó tí o tú lára Àká wà lẹ́nu rẹ, o fi eyín dì í mú. Ṣé kí n máa bá a lọ?

ÀBÚRÒ: Ta ló sọ fún yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo lọ bá Màmá nílé ìwòsàn lánàá. Mo kúnlẹ̀ ti ibùsùn wọn, mo ka ẹ̀ṣẹ̀ mi fún wọn, mo ní mo ti pa ohùn wọn rẹ́. Wọn kò sunkún. Wọ́n gba síléètì, wọ́n kọ ọ́ pé, "Ọmọkùnrin mi tú u. Ó ní eruku ni òun ń nù. Bi í léèrè." Wọ́n sì fi ìlà sábẹ́ "bi í léèrè".

ÀBÚRÒ: Màmá rí mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọn kò bi ọ́ mọ́ nítorí ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n má lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn kò fẹ́ ná an sórí ìjà.

ÀBÚRÒ: Èmi ni mo mú un.

Ẹ̀GBỌ́N: Háà! Olúwa mi, ẹ ṣé. Ẹ ṣé o.

[Irin dún lẹ́ẹ̀mejì, kíákíá.]

ÀBÚRÒ: Ẹ má tíì dúpẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wà lọ́dọ̀ rẹ?

ÀBÚRÒ: Ó wà lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò já bọ́? Omi kò wọ̀ ọ́?

ÀBÚRÒ: Kò sí nínú gbogbo ìyẹn. Níwájú mi báyìí ló wà.

Ẹ̀GBỌ́N: So ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ. Sọ fún mi pé o rí folder náà. Kà á fún mi, ṣé ẹgbẹ̀jọ ni?

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi mú un.

Ẹ̀GBỌ́N: N kò béèrè ìdí.

ÀBÚRÒ: Network ilé kò lágbára. Mo ti ṣèlérí pé èmi ni n óò fi ohùn náà ránṣẹ́ sí àwọn tó máa ṣe é. Nítorí rẹ̀ ni mo fi gbé e dání. Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn Màmá ni mo gbé dání, kì í ṣe disk! Inú aṣọ ni mo dì í sí nínú àpò mi, mo sì gbé e lé itan jálẹ̀ ọ̀nà.

Ẹ̀GBỌ́N: O fi ránṣẹ́?

ÀBÚRÒ: Mo fẹ́ fi ránṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: O fi ránṣẹ́?

ÀBÚRÒ: Iṣẹ́ dé ní ọjọ́ kejì tí mo padà. Wọ́n ní kíákíá ni. Fáìlì fídíò máa ń tóbi, ẹ ò lè mọ̀—

Ẹ̀GBỌ́N: Fi ìtàn sílẹ̀. Ohùn Màmá ńkọ́? Ṣé ó wà lórí rẹ̀?

ÀBÚRÒ: Mo ti ń wá ọ̀nà láti—

Ẹ̀GBỌ́N: Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwọ lo kọ́ mi ní bẹ́ẹ̀ ni.

[Ẹnìkan tún kan ilẹ̀kùn. Ó dà bí ẹni pé ìgúnpá ọkùnrin náà kan bọ́tìnnì, ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i: "Ara tó ṣiṣẹ́, ó yẹ kó sinmi. Ara tó ṣiṣẹ́, ó yẹ kó sinmi."]

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní kí o pa obìnrin yẹn!

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ọ, ó ti sú mi. Ṣé ó wà lórí rẹ̀?

ÀBÚRÒ: Òun ló wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta?

ÀBÚRÒ: Obìnrin yìí. Ogójì ìgbà ló sọ gbólóhùn kan náà, ogójì ìgbà ló na ara lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì kún disk náà títí dé ẹnu. Mo nù ún mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo format rẹ̀. Kò sí ohun kan tí wọ́n lè hú jáde níbẹ̀ mọ́.

["—yẹ kó sinmi. Ara tó ṣiṣẹ́—" Ohùn náà dá.]

Ẹ̀GBỌ́N: O mọ ohun tó wà níbẹ̀, o sì nù ún.

ÀBÚRÒ: Mo ní ti Àká ṣì wà nílé. Mo ní ẹ̀yin wà níbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi náà ní ti Àká ṣì wà.

ÀBÚRÒ: Mo ní bí mo bá délé, n óò tún un dà kọ. Kò sí—

Ẹ̀GBỌ́N: Parí rẹ̀. Kò sí kí ni?

[Irin dún lẹ́ẹ̀kan. Ó dákẹ́. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ọwọ́ tó mú un kò lágbára mọ́.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló ń lu irin yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

ÀBÚRÒ: Mo ti dáhùn tiyín. Ẹ ní bí mo bá dáhùn, ẹ óò dáhùn. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?

[Ìlà ń ya.]

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ. Wọ́n ní bí o bá mọ̀ pé àwọn ń gbọ́, o kò ní sọ òtítọ́. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti dé. A ti tẹ́ ibùsùn onírin náà sí ìsàlẹ̀ níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ṣíbí ló wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀kan, rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni.

ÀBÚRÒ: Màmá?

[Kò sí ìró.]

ÀBÚRÒ: Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Irin dún lẹ́ẹ̀kan. Ó tún dún, ó pé ẹ̀ẹ̀mejì. Ìlà já.]